Oko Ọsàn Wa Tí Ó Padà Wá Láti Ìgèdè

Ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ gbọ́ ìró yẹn? Àgbálùmọ̀ kan ló já bọ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kò ní sá lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kò sí ẹni tó lè ka ìró yẹn tán lásìkò ọyẹ́. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń já, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan. Bí a bá sùn ní abà oko, orí ẹní la ti ń gbọ́ ọ, tí a ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lónìí, ìró ọ̀kadà ló ń jí yín. Mi ò bá yín wí, ohun tí èèyàn bá láyé ló ń gbọ́.

A kì í gun igi àgbálùmọ̀ nílé wa. Èyí tí èèyàn bá fi tipátipá já, kíkan ni yóò kan, oje rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọ létè. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ló dùn. Ìyá tó bí bàbá mi a máa wí pé, "Ugi mọ ìgbà tí òun ó fọmọ fún ọ." Ugi ló ń pe igi títí tó fi kú. Bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí a pè é ní igi, á bi wá pé ṣé tíṣà wa ló gbìn ín ni.

Ẹ wo ilẹ̀ yìí. Láti ibi tí mo jókòó sí dé ìdí àpáta lọ́hùn-ún, títí tó fi sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, oko ọsàn ni gbogbo rẹ̀. Òkè-Ìlá, níbí ní Adó, ni ilé wa wà nígbà náà, ẹsẹ̀ la sì fi ń wá sí oko, nínú ìrì, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Àwọn kan máa ń bi mí báyìí pé kí ló dé tí a gbin oko sáàárín ìlú. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé àwa kọ́ la gbé oko wá sí ìlú, ìlú ló rìn títí tó fi wá bá oko.

Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ ro ibẹ̀. Àgbálùmọ̀ ló gbìn sí ìdí àpáta, ó gbin máńgòrò sí apá odò. Ọsàn mímu kò sí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà tí mo sọ yìí, ló mú un wọlé. Èso ló ń tà ní Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ kan, ó ra ọsàn kan mu lọ́wọ́ àlejò kan tó gbé ọjà ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ní òùngbẹ lòun fẹ́ fi pa, àmọ́ nígbà tí omi rẹ̀ kan ahọ́n òun, òun dìde dúró. Gbogbo kóró ọsàn náà ló dì sí ìṣẹ́tí aṣọ. Ó gbìn wọ́n sẹ́yìn àwọn àgbálùmọ̀ ọkọ rẹ̀. Méje ló hù. Ewúrẹ́ jẹ mẹ́rin, méjì so èso lásán, ọ̀kan tó kù ló wá di igi tí gbogbo Adó ń pè ní Olóyin. Ọsàn náà kì í pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èèpo rẹ̀ á tutù bí ewé, àlejò á rò pé kò tíì gbó, àmọ́ bí o bá ti fi ọ̀bẹ kàn án, wàá mọ̀.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bàbá mi ló sọ Olóyin di oko. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba kan wá sí ìlú nígbà náà, wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lẹ ojú igi kan mọ́ ara igi mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sílé. Bàbá mi nìkan ló dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti fẹ́ máa bá igi fẹ́yàwó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí. Ọsàn kíkan la kọ́kọ́ ń gbìn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, kò bẹ̀rù ọ̀dá. Bí ìdí rẹ̀ bá ti tó ìka ọwọ́, a ó fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ ní òró àti ní ìbú. A ó wá gé ojú kan lára ẹ̀ka igi tó dùn, ibi tí ewé tuntun ti fẹ́ yọ, kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ. A ó tì í bọ inú èèpo tí a là, a ó sì fi ìko wé e. Bí ó bá mú, ojú yẹn ni yóò di igi, a ó sì gé orí ọsàn kíkan dànù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, orí rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe gbé Olóyin lọ sára igi tó lé ní ọgọ́ta.

Ọdọọdún ni a máa ń ní ayẹyẹ tiwa, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ìkórè ìjọ bá ku ọ̀la, gbogbo ilé ló ń bọ́ sí oko. Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Apẹ̀rẹ̀ kejì jẹ́ ti ilé Alájì tó múlé tì wá, pàápàá bí ààwẹ̀ bá bọ́ sí àsìkò ọsàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣínu, ọsàn wa ni wọ́n fi ń la ẹnu. Tí ọdún wọn bá dé, ẹran á wá láti ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó ń ránnilétí. Lọ́dún kan, àgbà ìjọ kan wá gba apẹ̀rẹ̀ ìkórè, ó wọ aṣọ funfun, ó sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti sinmi. Èèrà pupa wà lórí igi náà. Kò pẹ́ tó fi fò dìde, ó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀. Àwọn ìyá tó bá a wá rò pé ẹ̀mí ló gbé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dárin. Ìyá mi nìkan ló rí èèrà. Ó bu omi lù ú, orin sì dáwọ́ dúró. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

Àṣà kan tún wà. Ọmọbìnrin ilé wa tó bá ń lọ sílé ọkọ, ọmọ igi Olóyin kan ló ń bá a lọ, nínú agolo, kó lọ gbìn ín sẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ìgèdè ló lọ́kọ sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Ìgèdè. Obìnrin tó ga ni, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, àmọ́ tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé á gbọ́. Lọ́dọọdún, tí ọsàn bá gbó, á gbé apẹ̀rẹ̀ wá láti Ìgèdè, á ká tirẹ̀ nínú oko ìyá rẹ̀, á sùn tì wá fún ọjọ́ méjì, á sì padà.

Ọdún tí ìyá àgbà kú ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ìyá Ìgèdè dé bó ṣe máa ń dé, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Bàbá mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọgbà. Èmi wà níbẹ̀, mo gbé agbè omi lórí. Mi ò mọ ohun tó wọ bàbá mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Bóyá ọ̀fọ̀ ni, bóyá àwọn tó ń sọ fún un pé òun nìkan ló ni oko báyìí ni. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀, lójú àwọn tó ń ra ọsàn, pé ìpín ọmọbìnrin ni igi tó gbé lọ sílé ọkọ, pé kó máa lọ ká ìyẹn. Ìyá Ìgèdè kò jà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo padà lórí, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọdún méje ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wa.

Ọdún keje yẹn ni iná dé. Ọyẹ́ le, koríko gbẹ gan-an. Ẹnì kan sun oko rẹ̀ lódìkejì odò, afẹ́fẹ́ sì gbé e fò. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo Òkè-Ìlá ló jáde, wọ́n gbé omi, wọ́n ya ewé tútù, a ń fi lu iná títí apá wa fi kú. Ilé Alájì tọkùnrin tobìnrin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ti ju agbára wa lọ. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni òórùn rẹ̀. Ọsàn tó ń jóná dùn ní imú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń se oúnjẹ ọdún. Nígbà tí iná kú, àgbálùmọ̀ mẹ́rin tó wà nídìí àpáta ló ṣẹ́kù. Olóyin jó, àwọn ọmọ rẹ̀ jó. Bàbá mi jókòó lórí òkúta kan nínú eérú títí a fi mú un lọ sílé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iná kú, ó fi eérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn kùkùté náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé. Àwọn èèyàn wá bá wa yọ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó rún un lọ́wọ́, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Kíkan ni." Òótọ́ ni. Gbòǹgbò ọsàn kíkan ló ń rú, apá tí a lẹ̀ mọ́ ọn ti kú sókè. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, oko ńlá ọsàn kíkan ni a ó ní.

Èmi ni mo rántí àwọn igi ìyàwó. Mo ti kúrò lọ́mọdé nígbà náà, mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́, wọn ò tíì sin mí fọ́kọ. Mo sọ fún ìyá mi pé bí Olóyin bá kú ní Adó, ṣé ó kú níbi gbogbo ni? Ọmọbìnrin márùn-ún ló ti gbé igi lọ. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Ìyìn, wọ́n ti kọ́ ilé lé e lórí. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó ti kú lọ́dún tí a gbìn ín. Àwọn ti Ìlawẹ̀ fi àdá gé e nígbà tí wọ́n ń ro àgbàlá, ọsàn kíkan ló sì hù padà. Èkẹrin kò tilẹ̀ rántí ibi tó gbìn ín sí. Ó wá ku Ìgèdè.

Ìyá Ìgèdè gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gún iyán fún mi, ó bi mí léèrè gbogbo ilé, ó sọkún nígbà tí mo sọ bí iná ṣe jà. Lẹ́yìn náà, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí igi kan tó fẹjú, tó ga, tí ewé rẹ̀ ń dán. Mo mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo tọ́ ọ wò. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gé ẹ̀ka díẹ̀ lọ. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Ọmọ mi ni ọ́, mi ò bá ọ jà. Ẹni tó lé mi ní ẹnu ọgbà ni kó wá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè."

Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì yíjú sí ògiri. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Ẹ má gbàgbé pé òun ni ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìdílé ló sì ń wo ojú rẹ̀. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì rọra sọ pé, "Bàbá Ayọ̀, bí ẹ bá sùn lónìí tí ẹ kò jí, kùkùté ni ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín." Bàbá mi kò jẹ oúnjẹ náà. Ó dìde, ó wọ agbádá rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀.

Nígbà tí a dé Ìgèdè, Ìyá Ìgèdè jókòó níwájú ilé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò méjì kan. Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní òun wá bẹ̀ ẹ́, pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí i lọ́jọ́sí, pé ohun tí òun fi dù ú ni Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá Ìgèdè yára di apá rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gé ohun tí ẹ bá fẹ́ lára igi náà. Àmọ́ oko tí ẹ bá fi gbìn, ọmọkùnrin ilé wa, ọmọbìnrin ilé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọgbà lé ẹnikẹ́ni padà."

Bàbá mi ní, "Mo gbọ́."

"Mi ò ní kí ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ẹ sọ ọ́."

Bàbá mi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà náà ni Ìyá Ìgèdè fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ, ó gé àwọn ẹ̀ka náà, ó fi aṣọ tútù wé wọn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n. Orí itan ni bàbá mi gbé ìdì náà lé nínú ọkọ̀, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A dé Ìyìn. Ó wá ní, "Òótọ́ ló sọ."

Lọ́jọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀. Àwọn kùkùté tí a ti ń sọkún lé lórí ló wá di ẹsẹ̀ tí a fẹ́ lẹ Olóyin mọ́. Bàbá mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó kọ́ àwa ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì àti èmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé tí a tú ìko, ojú tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀, èyí tó gbẹ pọ̀ ju èyí tó mú lọ. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú tán. Bàbá mi fi ọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n máa gbẹ́ kòtò, kí wọ́n máa pọnmi, kí wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún èmi. Mo ti gba ọ̀pọ̀ ìyìn láyé, àmọ́ kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ọdún kẹrin ni wọ́n so. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Ìgèdè. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ dúró dè é níbi tí ọkọ̀ ń já èrò sí. Ó gba apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó sì gba àárín ìlú kọjá, lójú gbogbo ayé, bàbá àgbàlagbà tó ru apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn èèyàn kí wọn, wọ́n dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé oko, Ìyá Ìgèdè jókòó sí ìdí igi kan, ó bó ọsàn kan, ó mu ún tán. Ó wá bó èkejì.

Láti ìgbà náà, kò sí oko tó tó tiwa ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn obìnrin tó ń ra ọjà máa ń tò dé ojú ọ̀nà. Tí ìyá mi bá fi ẹsẹ̀ kan Ọjà Ọba tó ké pé, "Olóyin dé," àwọn tó kù á kọ́kọ́ bo ọsàn tiwọn. Ọsàn yìí ló rán mẹ́ta nínú yín nílé ẹ̀kọ́ gíga. Mi ò fi yangàn, àmọ́ mi ò ní pa á mọ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti lọ. Ìdajì ilẹ̀ yìí ti di ilé àwọn ọmọ wa, mi ò bínú, èèyàn ló ń gbé inú ilé. Ọ̀nà tí a ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà, kò sẹ́ni tó ń rìn ín mọ́. Inú ike ni ẹ ti ń mu omi ọsàn tí kò rí igi rí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan wá fẹ́ ra èyí tó kù, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pe ìpàdé ìdílé, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà. Bọ́sẹ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Ìgèdè, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí, ló dìde. Kò gbé inú oko yìí rí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọgbà yìí. Bí ẹ bá tà á, gbogbo wa pátá lẹ lé padà." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fa ìwé tó gbé wá ya. Mi ò tíì la ẹnu mi rárá, kò sì pọn dandan mọ́.

Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú mi ti di ìkùukùu, ìka ni mo fi ń rí igi báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo lẹ ojú igi mẹ́tàdínlógún. Bọ́sẹ̀ ló bá mi tú ìko rẹ̀ lánàá, ó ń ka èyí tó mú sí mi létí, mẹ́rìndínlógún ni. Ẹyọ kan ló gbẹ. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọjọ́ orí ni. Mo ní rárá o, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo mọ ohun tí mo ṣe sí ìyẹn. Òjò ń ṣú, mo sì kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ nínú yín, kó jí ní kùtùkùtù ọ̀la, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kó wá bá mi lábẹ́ igi. Ọ̀bẹ méjì ni mo ní.